Ohun tí wọ́n sọ nípa bàbá mi ní Kùmásì

Àbúrò mi, o ní kí ìjọba kó gbogbo ọmọ Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà tó wà l'Ékòó padà sílé: wọ́n ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́wọ́, owó ibí ni wọ́n fi ń kọ́lé sọ́hùn-ún, wọn ò sì níwèé. Kùmásì ní Gánà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ọmọdé ni mí nígbà náà, bàbá mi ni wọ́n sì ń rò ó mọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ó ti ń tajà ní Kejetia ní Kùmásì kí wọ́n tó bí mi. Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́. Bàbá mi ń san owó orí. Ó ń san owó ìsọ̀, gbogbo rìsíìtì rẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá béèrè, gbogbo èèyàn ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé agolo yẹn lọ sí ọ́fíìsì wọn. Èrò kò jẹ́ kó fojú kan ẹnu ọ̀nà. Torí náà, bí ẹnì kan bá ti ní "wọn ò níwèé", mo máa ń bi í pé: ìgbà wo lẹ ti ń béèrè ìwé ọ̀hún, ọjọ́ mélòó lẹ sì fún wọn?

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ra ọjà tó kù, iye tó wù wọ́n ni wọ́n dá lé e. Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó fara pamọ́ títí a fi wọkọ̀. A gba Aflao, Lomé, Kútọnu, a sì balẹ̀ sí Mushin.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, mo ti dàgbà, ìjọba Shagari náà wá pàṣẹ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Owó epo rọ̀bì ti já, iléeṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ìdìbò sì ń bọ̀ lóṣù kẹjọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ló lọ, àpò tí wọ́n fi kẹ́rù la ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Ṣé iṣẹ́ wá pọ̀? Ọmọ Gánà ló ń kọ́ àbúrò mi kan ní ìṣirò níléèwé; wọn ò rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe WAEC. Télọ̀ ọmọ Gánà méjì wà lójúlé tó kọjú sí tiwa. Wọ́n ń ra òwú, wọ́n ń sanwó ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ ni wọ́n ti ń jẹun. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ìyá yẹn dín ìrẹsì tó ń sè kù. Ọmọ onílé tí wọ́n ní wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ kò kúkú mọ aṣọ rán. Lọ́dún 1985, ìjọba ológun tún lé àwọn mìíràn. Èmi ò rí iṣẹ́ tó tìdí ẹ̀ yọ.

Mi ò sọ pé kí bodè ṣí sílẹ̀ gbayawu o. Àdéhùn ọdún 1979 ti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún wọn láàyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kó lọ gba ìwé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì kó ọmọdébìnrin wá láti Kútọnu láti máa fọ abọ́ láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní láti oṣù kẹta ọdún 2024 àwọn tó ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, ta ni kò bínú nínú wa?

Àwọn ọmọ Tógò tó ń lẹ táìlì ní Yábàá tó o dárúkọ yẹn, lọ bi ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ pé èló ló ń san fún wọn. Bó bá jẹ́ ìdajì ohun tó yẹ kó san fún ọmọ Nàìjíríà ni, òun gan-an ni kó o bá wí.