Ẹni tí a jọ fẹ́ rìnrìn àjò ní òun ò lọ mọ́: ṣé kí n dá lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọdún tó kọjá ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń múra ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́wàá. Ó ku oṣù méjì báyìí, ó ní òun ò lè lọ mọ́. Mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a sì ti san owó ọkọ̀ òfurufú. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, mi ò dá sun òtẹ́ẹ̀lì rí. Àwọn ará ilé ní bí mo bá máa lọ dandan, kí n wá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kan dara pọ̀ mọ́. Báwo ni àwọn tó ń dá lọ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í sú wọn? Kí ló sì dé tí owó yàrá ẹnì kan fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ má fagi lé e, ẹ lọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò, àwọn tó ń dá lọ sì ni mo fẹ́ràn láti bá jókòó jù, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé ẹni tó ń dá rìn kò fẹ́ràn èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá wà a máa bá àlejò sọ̀rọ̀ ju àwọn tó lọ ní méjì-méjì lọ, nítorí kò sí ẹni tó kọjú sí. Ohun tí kò fẹ́ ni kí àkókò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì: kó máa dúró de ẹni tó ṣì ń wẹ̀, tàbí kó kúrò nídìí ohun tí kò tíì wò tẹ́rùn torí pé ẹsẹ̀ ń dun ẹnì kejì.

Àṣìṣe tí mo wá ń rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rù ìdáwà a mú un kó nǹkan kún gbogbo ọjọ́ rẹ̀ fọ́fọ́. Èmi fúnra mi ti ṣe irú rẹ̀ fún obìnrin kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí: ìlú mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ karùn-ún ó pè mí láti ibùdókọ̀ ojú irin. Orí àpótí rẹ̀ ló jókòó lé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ òun pẹ̀lú èèyàn kò tíì kọjá “èló ni” àti “ọ̀nà ibo ni.” Mo bá a fagi lé ìlú méjì tó kù, ó sì lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ síbi tó wà. Nígbà tó padà dé, ìtàn obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà ló kó wá fún mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kí ara wọn, títí oníwèé ìròyìn náà fi ń bá a gbé àga síta.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó ń dá lọ de alẹ́ àkọ́kọ́ pinpin, kó wá tú ìyókù sílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́wàá yín, ibùgbé méjì ti tó.

Bí a ṣe ń de alẹ́ àkọ́kọ́ nìyí. Kí ọkọ̀ yín balẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú. Kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, kí àdírẹ́sì náà wà lórí bébà ní èdè àwọn ará ibẹ̀, torí fóònù lè kú. Kí ẹ ti san owó alẹ́ méjì ó kéré tán. Ẹ ní kí wọ́n má fún yín ní yàrá ìsàlẹ̀ tó kan ilẹ̀, tàbí èyí tó wà ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹni tó ń gbàlejò bá sì pe nọ́ńbà yàrá yín sókè létí àwọn èèyàn, ẹ rọra ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìdárìn kì í tijú béèrè èyí.

Oorun kò ní dùn yín lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì ní jẹ́ pé nǹkan ṣe yín. Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Brown University ní Amẹ́ríkà jáde pẹ̀lú ìwádìí lórí ẹni tó sun ibi tí kò sùn rí. Wọ́n rí i pé lálẹ́ àkọ́kọ́, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra tó apá ọ̀tún. Ó ń ṣọ́nà, ìró tí kò tó nǹkan sì lè tètè jí i. Ilẹ̀ á mọ́, ara á wúwo, ẹ ó máa rò pé ẹ ti ṣìṣe. Ẹ má ṣe ìpinnu kankan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ kàn jẹun, kí ẹ rìn yí àdúgbò po, kí ẹ tún sùn.

Ní ti owó yàrá, yàrá ni òtẹ́ẹ̀lì ń tà, kì í ṣe èèyàn. Iná, aṣọ ibùsùn, owó ẹni tó ń tún un ṣe, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹnì kan ni o, ẹni méjì ni o. Àwọn tó ń ta ìrìn àjò ẹlẹ́gbẹ́ tàbí ti ọkọ̀ ojú omi a máa kọ iye owó ẹnì kan síta, àmọ́ ẹni méjì nínú yàrá kan ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá dá wà, wọ́n á fi àfikún lé e, láti ìdámẹ́wàá títí dé odindi owó ẹnì kejì. Ẹ béèrè yàrá ẹlẹ́nìkan gan-an, èyí tó ní ibùsùn kékeré kan. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ṣì máa ń ní in. Àwọn ẹgbẹ́ kan a sì yọ àfikún náà bí ẹ bá gbà kí obìnrin mìíràn bá yín sun yàrá, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè fara da híhan-orun ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹrù ńkọ́? Ẹni tó dá wà kò ní ẹni tí yóò bá a ṣọ́ àpótí bó bá fẹ́ wọ ilé ìtọ̀. Mo ti rí wọn ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn kí àpótí ńlá lè bá wọn wọlé. Ohun tí ẹ kò bá lè dá gbé gun àtẹ̀gùn láìsinmi, ẹ dín in kù. Nígbà tí Nellie Bly, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, sọ pé òun fẹ́ yí ayé po, ìdáhùn iléeṣẹ́ rẹ̀ ni pé obìnrin á nílò ẹni tí yóò máa dáàbò bò ó, ẹrù rẹ̀ á sì pọ̀ jù. Báàgì ọwọ́ kan péré ló gbé kúrò nílé ní oṣù Kọkànlá 1889. Ọjọ́ 72 ló fi yí ayé po.

Oúnjẹ alẹ́ ni kì í sẹ́ni tó ń bi mí léèrè, òun ló sì ń ṣòro jù. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá rìn ń jẹ oúnjẹ gidi, tí gbogbo èèyàn ń dá jẹun torí iṣẹ́. Bó bá di alẹ́, wọ́n á tètè lọ, wọ́n á jókòó síbi tó kọjú sí ẹni tó ń se oúnjẹ, kì í ṣe ìdí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin láàárín ilé. Alẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni àárò máa ń sọ èèyàn jù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbọ́ ti àwọn ará ilé: ẹ sanwó fún ìrìn ẹlẹ́gbẹ́ ọlọ́jọ́ kan tàbí ìdajì ọjọ́, kí ẹ rí ẹni bá rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì padà sí àkókò tiyín.

Kí ẹnì kan nílé máa mọ ibi tí ẹ sùn lálaalẹ́. Ẹ pín owó àti káàdì sí ibi méjì. Inú báàgì ọwọ́ ni kí power bank wà, wọn kì í gbà á nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀.

Èyí tó kánjú jù: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìwé ọkọ̀ òfurufú kan náà, ẹ pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n ya tiyín sọ́tọ̀ kí ọ̀rẹ́ yín tó fagi lé tirẹ̀, kí wọ́n má baà fagi lé tiyín mọ́ tirẹ̀. Bí yàrá bá sì wà lórúkọ rẹ̀, ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì yí i sí tiyín, kí wọ́n sì fi ìdánilójú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.