Ta ni "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá" ń bá wí?

Ọmọ ilé-ìwé girama kan kọ̀wé sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní kí n ṣe alátakò nínú àríyànjiyàn ilé-ìwé wa. Mo fẹ́ lo òwe 'Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà', àmọ́ mo gbọ́ lórí rédíò pé ohun tó ń sọ ni pé kí ọmọdé yé jiyàn, kí wọ́n fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún àgbà. Ṣé òótọ́ ni?"

Irọ́ ni, ọmọ mi. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ẹni tó gbé e sórí afẹ́fẹ́ ni mo bínú sí, kì í ṣe ìwọ. Tún òwe náà kà. Ta ni wọ́n pè ní òṣìkà níbẹ̀? Àgbà tó gbọ́ tẹnu ẹnìkan, tó dájọ́ kí ẹnì kejì tó la ẹnu, òun ni wọ́n ń bá wí. Báwo ni òwe tó ń na àgbà lẹ́gba ṣe wá di èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́?

Tèmi ni pé inú òwe yìí ni gbogbo àríyànjiyàn ilé-ìwé wà. Ilé bàbá bàbá mi ni mo ti rí i. Obìnrin méjì gbé ẹjọ́ wá. Ewúrẹ́ obìnrin kejì jẹ èlùbọ́ tí obìnrin kìíní sá sórí àpáta. Ìkíní rojọ́ títí, ó sì ṣí igbá hàn wá: ìwọ̀nba èlùbọ́ tó ṣẹ́kù ti lẹ̀ pọ̀ nítorí itọ́ ewúrẹ́. A ti ń mirí, ẹjọ́ ti tán lójú wa. Bàbá kọjú sí ìkejì: "Kí lo gbọ́ pé ó wí?" Obìnrin náà fẹ́ máa sọ tiẹ̀. Bàbá ní rárá, kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkíní fún mi bó ṣe sọ ọ́. Ó sọ ọ́, ìkíní sì mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wí pé òun so ewúrẹ́ òun, pé ọmọ ìkíní ló tú okùn ọrùn rẹ̀ láti fi fa omi nínú kànga. Ilé pa lọ́lọ́.

Bí a ṣe ń fèsì nìyẹn. Bí o kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí o ń takò kí òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun ló sọ ọ́, kò tíì sí ohun tí o lè fọ́ níbẹ̀.

Ìyókù kò le. Alátìlẹyìn, ìyẹn ìhà tó fara mọ́ orí-ọ̀rọ̀ tí à ń jiyàn lé, ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ló sì ń túmọ̀ orí-ọ̀rọ̀. Nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 1988, ẹni mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ìhà kọ̀ọ̀kan tó fi ìṣẹ́jú 4 kádìí ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní ìhà kejì lè dìde bi ọ́ ní ìbéèrè bí o ṣe ń lo ìṣẹ́jú 8 rẹ lọ, àfi ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀: iyán là ń gún, iyàn là ń jà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òbí ló ń kọ ọ̀rọ̀ lónìí, tí ọmọ ń há a sórí, láti "ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò wa" títí dé "mo lérò pé mo ti yí yín lérò padà, n kò sì dà yín lọ́kàn rú." Mo ṣe adájọ́ níbì kan, alátakò kan dìde, ó ń fèsì sí kókó tí ẹnikẹ́ni kò sọ, torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un nílé nìyẹn. Àtẹ́wọ́ pọ̀ fún un. Ọmọ náà kò gbọ́ ohun kan nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Ìwọ, pa òwe rẹ. Alátakò ló tọ́ sí, torí ìgbà tó o bá dìde, ẹnu ẹnìkan péré ni adájọ́ tíì gbọ́. Àmọ́ àgbà lo ń pa á fún, nítorí náà fi "tótó, ó ṣe bí òwe" tì í lẹ́yìn. Lálẹ́ òní, kọ ọ̀rọ̀ alátìlẹyìn sílẹ̀ ná, fún ọ̀rẹ́ rẹ kan tó wà ní ìhà yẹn kà. Bó bá ní ó kù, tún un kọ. Ìgbà tó bá mirí ni kó o tó bẹ̀rẹ̀ tìrẹ.