Ṣé kí n kó kúrò ní Ìtòkú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aláró. Àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀bù tó yí mi ká, àdìrẹ náà ni wọ́n ń tà. Ọkọ mi ní kí n kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bá mi du oníbàárà. — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ fara balẹ̀. Oníbàárà tó wọkọ̀ láti Èkó, ṣé tìtorí yín nìkan ló ṣe ń bọ̀? Ó mọ̀ pé bí tiyín ò bá wu òun, tẹlòmíì á wu òun.

Ẹ wò ó, ká ní kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí ẹ fi ń po aró, tán lójijì, omi aró sì ti gbóná. Ní Ìtòkú, ẹ ó rán ọmọ, kí omi tó tutù ó ti dé. Ẹni tó ń gé fóòmù tí ẹ fi ń tẹ àbẹ́là sáṣọ wà nítòsí, ẹni tó ń lu aṣọ kó máa dán náà wà níbẹ̀. Níbòmíì, owó ọkọ̀ gbogbo ìyẹn á gun orí aṣọ. Èmi náà kó lọ sí Ìbàdàn rí. Oṣù mẹ́rin péré ni mo lò tí mo fi padà.

Òótọ́ ni pé bátánì tí ẹ yọ láàárọ̀, aládùúgbò ti ṣe irú ẹ̀ kó tó dalẹ́. Ó ń dunni! Ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀rọ láti Ṣáínà tó gbé àwòrán àdìrẹ wọ̀ ni ọ̀tá yín gan-an. Ẹ jọ máa ra kẹ́míkà lọ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, kó lè dínwó. Bátánì tuntun ńkọ́? Ilé ni kí ẹ ti ṣe é; ó di ìgbà tó bá pé ogún aṣọ kí ẹ tó gbé e jáde.