Ọmọ ń kàwé dáadáa, àmọ́ ohun tó kà ò yé e

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Tíṣà Yorùbá ni mí n'Íbàdàn, JSS 2 ni mò ń kọ́. Àwọn ọmọ yìí ń kàwé geere, àmọ́ tí mo bá fún wọn ní àyọkà lórí ìgbéyàwó ìbílẹ̀, tí mo wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n á kàn máa wò mí. Mo fẹ́ ṣí blọ́ọ̀gì fún kíláàsì mi, kí wọ́n máa kọ nípa àṣà wa síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní eré lásán ni, pé ó máa ṣàkóbá fún Gẹ̀ẹ́sì wọn. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ kú làálàá. Àwọn ọmọ yín ò ya dọ́ńdì rárá, ohun tí àyọkà yẹn gbà pé wọ́n ti mọ̀ ni wọn ò mọ̀. Lọ́dún 1979, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Margaret Steffensen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ará Amẹ́ríkà àtàwọn ará Íńdíà ní lẹ́tà méjì kà, ọ̀kan sọ nípa ìgbéyàwó Amẹ́ríkà, ìkejì sọ nípa ti Íńdíà, gbogbo wọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, àgbàlagbà sì ni wọ́n, síbẹ̀ kálukú ló yára ka ti ilẹ̀ ẹ̀, òun náà ló sì rántí jù. Nínú ti Amẹ́ríkà yẹn, aṣọ tí ìyá àgbà fi ṣègbéyàwó ni ìyàwó wọ̀. Ohun iyì ni lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ará Íńdíà kan ní aṣọ yẹn ti gbó jù, kò bágbà mu mọ́!

Bó ṣe rí fáwọn ọmọ yín nìyẹn. Àyọkà á ní wọ́n gbé obì, orógbó, oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, ó tán. Ọmọ tí ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n fi obì wúre pé kó bi ikú, kó bi àrùn, kí wọ́n fi orógbó wúre pé ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́, á rò pé oúnjẹ àlejò ni. Alága ìjókòó àti alága ìdúró ńkọ́? Kò ní mọ ẹni tó ń ṣojú ta ni.

Torí náà, ẹ ṣí blọ́ọ̀gì yẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n á kàn máa da ohun tí wọ́n rí lórí Google kọ ni, kò wúlò. Kí kálukú lọ bi ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní nǹkan kan ṣoṣo, kó wá fẹnu ara ẹ̀ kọ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú á ní báyìí la ṣe ń ṣe é, ọmọ Èkìtì á ní rárá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti máa dùn! Tẹ́ ẹ bá rí kíláàsì mìíì, tàbí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà ní London, tó lè máa kà á kí wọ́n sì máa béèrè ọ̀rọ̀, ó tún dáa jù, torí ẹni tí wọ́n bá bi léèrè gbọ́dọ̀ ṣàlàyé.

Ẹ má fi orúkọ kíkún, fọ́tò tàbí àdírẹ́sì ọmọ kankan síta, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí. Tí ò bá sí dátà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ sọ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, fún un. Lọ́dún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ pámárì ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ tó kù.

Ẹ fi ẹrù ìyàwó bẹ̀rẹ̀ ní táàmù yìí. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, ẹ tún fún wọn ní àyọkà àkọ́kọ́ yẹn, kẹ́ ẹ kó ìdáhùn ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn fún ọ̀gá yín kó fojú ara ẹ̀ rí i.