Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ mẹ́rin ní Palermo pẹ̀lú Màámi

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, mo fẹnu bà á pé mo mú ìyá mi lọ sí Palermo, olú ìlú erékùṣù Sísílì ní Ítálì, nínú oṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Gbólóhùn méjì péré ni mo kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fọwọ́ kan kó. Mo mú márùn-ún nínú wọn dáhùn lónìí.

Ẹ̀yin Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Leeds ni mò ń gbé. Ìyá mi ń bọ̀ wá kí mi láti Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ mú wọn lọ síbi tí oòrùn wà ní ìgbà ìrúwé, nítorí pé òtútù ibí yìí kò bá wọn lára mu. Èmi gan-an kò dé ìlú kankan létí Òkun Mẹditaréníà rí. Kí ni ojú yín rí ní Palermo? Ṣé àgbàlagbà lè gbádùn ibẹ̀? — Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì ń kí Màmá kú ìpalẹ̀mọ́. Àgbàlagbà lè gbádùn ibẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó mú un lọ kò bá sáré. Èmi sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì dùn mí títí di òní. Mo ti kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà àti ààfin kan sínú ìwé, mo ní a ó wò wọ́n tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Aago kan ọ̀sán ni a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kejì, wọ́n ti tì í. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni í tì lọ́sàn-án, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún ṣí i. Màámi, ẹni ọdún 71 tí orúnkún ń dùn, jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta, ó ní, "Ọmọ mi, níbo ni àwọn ará ìlú yìí ti ń ná ọjà?" Láti ìgbà náà ni mo ti ká ìwé mi sínú àpò, tí mo ń tẹ̀ lé e.

Ballarò ni orúkọ ọjà náà, ní àdúgbò Albergheria, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà. Etí ti ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ẹlẹ́ja ń fa ohùn gùn bí ẹni ń kọrin, ẹléwébẹ̀ ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọlọ́sàn ń dá wọn lóhùn láti òdìkejì. Abbanniata ni wọ́n ń pe ìpolówó yìí. Ọgbọ̀n ọdún ni Màámi fi din àkàrà ní oríta kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Kò sí ìpolówó tí kò mọ̀, láti "Láńgbé jinná o" títí dé ti ẹlẹ́kọ. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń wí, síbẹ̀ ó tọ́ka sí ọkùnrin kan, ó ní, "Ọjà tèyí ti fẹ́ tán, ilé ló ń lọ." A sún mọ́ àtẹ ọkùnrin náà. Ẹja mẹ́ta ló kù níbẹ̀.

Nítorí pé ìgbà ìrúwé ni, ẹ̀wà tútù nínú èèpo rẹ̀ kún orí àtẹ, àti carciofi, ewébẹ̀ kan tó dà bí òdòdó tí kò tíì là, tí wọ́n ń sè tà lójú ọ̀nà. Ọsàn ṣì wà lórí igi nínú ọgbà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni igi kan náà ń tanná. Òórùn òdòdó ọsàn yẹn máa ń dédé bá ènìyàn ní igun ọ̀nà kan, ìwọ yóò sì dúró láìmọ̀ pé o dúró.

Ibi tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an ni ti ọkùnrin tó gbé agbada epo síwájú nínú ọjà náà. Panelle ló ń dín. Ẹ̀wà roboto kan tí wọ́n ń pè ní ceci ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, wọn a fi omi àti iyọ̀ rò ó lórí iná títí yóò fi ki, wọn a da ewé parsley wẹ́wẹ́ sí i, wọn a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí ó tutù, kí wọ́n tó gé e sínú epo. Màámi kò bèèrè èló ni. Epo ló ń wò. Ó rí i tí ọkùnrin náà ju èérún kan sínú rẹ̀, tó dúró kí ó hó yí i ká, kí ó tó da ìyókù sí i. Ó rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yí i. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi, ó ní, "Ó mọ iṣẹ́."

Ọkùnrin náà rí i pé wọ́n ń wo òun. Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé iṣẹ́ ìyá mi náà nìyí. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi àpá epo mẹ́ta hàn wá ní ọrùn ọwọ́. Màámi náà ká tirẹ̀ sókè. Àwọn méjèèjì wo apá ara wọn, wọ́n mi orí. Ó kó panelle sínú búrẹ́dì tí wọ́n fi yànmọ̀tí wọ́n lórí, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó wá fi méjì ṣe ènì fún wa. Màámi jẹ ẹ́ tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀kọ ni wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó sọ ọ́ di àkàrà, ó sì dùn, ata nìkan ló kù.

Ní ti ojú ọjọ́: ooru ọ̀sán ń tó ìwọ̀n 20, ṣùgbọ́n òkun ṣì tutù, alẹ́ sì ń fẹ́ aṣọ òtútù, nítorí náà di súwẹ́tà méjì fún Màmá. Lọ́jọ́ kẹta wa, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní scirocco fẹ́ wọ̀lú láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ojú ọ̀run pọ́n, eruku bo gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ìta. Màámi na ìka kan sórí ọkọ̀, ó wò ó, ó ní, "Eruku ọyẹ́ nìyí." Aṣálẹ̀ kan náà ni lóòótọ́. Kìkì pé ọyẹ́ tiwa ń gbẹ ètè pẹ̀lú òtútù ni, tiwọn ń mú ooru bọ̀.

Ọjọ́ yẹn la lọ jókòó ní Piazza Marina, lábẹ́ igi kan nínú ọgbà Garibaldi. Ẹbí ọ̀dán wa ni igi náà. Gbòǹgbò rẹ̀ já bọ́ láti orí ẹ̀ka, ó wọlẹ̀, ó di òpó, òpó náà sì nípọn débi pé ọmọdé lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí méjì la lò níbẹ̀. Bí ìyá rẹ bá jẹ́ ẹni tó dàgbà sábẹ́ ọ̀dán ìta ọba, mú un lọ.

Bí ẹ bá máa sanwó wọ ibì kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ Cappella Palatina, ilé àdúrà inú ààfin àwọn ọba Norman, àwọn jagunjagun tó ti àríwá ilẹ̀ Faransé wá. Àwọn Lárúbáwá gba Palermo ní 831, àwọn Norman sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1072. Roger Kejì, tó jọba ní 1130, ló kọ́ ilé àdúrà yìí. Àwòrán Jésù tí wọ́n fi òkúta wúrà wẹ́wẹ́ tò wà lára ògiri, àjà òkè rẹ̀ sì jẹ́ igi fínfín tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí ṣe. Ní ìta rẹ̀, òkúta kan wà lára ògiri láti 1142, tó ń sọ nípa agogo olómi, èyí tí wọ́n fi ń mọ àkókò, tí ọba náà ṣe. Èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i: Látìn, Gíríìkì àti Lárúbáwá. Màámi lọ ilé kéwú ní kékeré, kí ó tó bá bàbá wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó na ọwọ́ láìkan òkúta náà, ó rí álífù, ó rí lámù. Ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ tó ti di wàláà mú gbẹ̀yìn.

Kókó kan tó kù: kí o tó san owó ilé tí ẹ ó dé sí, bèèrè bóyá lífítì wà níbẹ̀. Àjà kẹrin ni tiwa, àtẹ̀gùn lásán. Onílé ti sọ fún mi pé "díẹ̀ ni", mo sì gbà á gbọ́. Ìgbà mẹ́rin ni Màámi ń sinmi kí ó tó dókè, èmi ni mo fà á.

Mùsùlùmí ni mí. Kí ni mo lè fẹnu kàn lójú pópó níbẹ̀? — Alhaji, Manchester

Alhaji, ẹ yẹra fún búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní pani câ meusa. Fùkù àti àwọn ẹ̀yà inú màlúù ló wà nínú rẹ̀, ẹ ó rò pé kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in. Ẹ̀wà lásán ni panelle, síbẹ̀ ẹ bèèrè irú epo tó wà nínú agbada. Ẹja, èso àti carciofi sísè pọ̀ nínú ọjà tó láti bọ́ yín.

Ǹjẹ́ ẹ̀rù àwọn Máfíà kò bà yín? — Ìyá Ìbejì, Peckham

Rárá. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Orúkọ adájọ́ méjì ni pápákọ̀ òfurufú ìlú náà ń jẹ́, Giovanni Falcone àti Paolo Borsellino, tí Máfíà, ẹgbẹ́ ọ̀daràn abẹ́lẹ̀ Sísílì, fi bọ́ǹbù pa ní 1992. Lójú ọ̀nà láti pápákọ̀ òfurufú sí ìgboro, ní Capaci, òpó pupa méjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí bọ́ǹbù ti pa Falcone, ìyàwó rẹ̀ àti ọlọ́pàá mẹ́ta ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún. Awakọ̀ wa kò sọ nǹkan kan. Ó kàn yí ohùn rédíò sílẹ̀ títí a fi kọjá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wo àwa aláwọ̀ dúdú? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi. — Adúmáradán, Birmingham

Mi ò ní fi pa mọ́. Nínú ilé ìtajà aṣọ kan, obìnrin kan ń tẹ̀ lé wa láti ìlà dé ìlà bí ẹni ń ṣọ́ olè. A jáde. Ní Ballarò, kò sí ẹni tó wò wá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé àwọn ọmọ Áfíríkà ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń tajà níbẹ̀. A rí iṣu, a rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọmọ Edó kan sì fi Pijin kí Màámi, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù.

Mo tún fẹ́ kí o mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn ẹni mímọ́ tí ìlú náà fi ṣe alábòó. San Benedetto il Moro ni wọ́n ń pè é. Ní abúlé San Fratello ní Sísílì ni wọ́n ti bí i ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni àwọn òbí rẹ̀. Ó di ará ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Santa Maria di Gesù, lẹ́yìn ìgboro Palermo, ilé ìdáná ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà ní 1578. Nígbà tó lo sáà rẹ̀ tán, ó padà sídìí ìkòkò. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1589 ló kú, ní 1807 ni póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Ní Brazil, São Benedito ni wọ́n ń pè é, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ sì ti gbé e lárugẹ láti ìgbà ẹrú. Iná igbó jó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú oṣù keje 2023, nítorí náà a kò lọ síbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ tí Igor Scalisi Palminteri yà sára ilé gíga kan ní Ballarò la rí. Màámi gbé orí sókè wò ó. Mo sọ fún un pé alásè ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó sì tún gèlè rẹ̀ ṣe kí a tó yà á ní fọ́tò lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Kí ni ẹ sì mú bọ̀? — Bọ̀dá Káyọ̀dé, Dublin

Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Britain tàbí Ireland kò nílò físà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìwé Nàìjíríà ni Màámi ní, nítorí náà a gba físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbà. Wọ́n ń gbà á láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Ẹ má jẹ́ kí ó dọ̀la. Ọmọ Ẹ̀gbá, ti ìyá rẹ, ní Nàìjíríà ni kí wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó gbéra.

Ìyẹ̀fun ceci kílò méjì ni Màámi dì sáàárín aṣọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ládùúgbò wa, ó ní tọ̀hún lòun fẹ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó rò ó, ó sì dín in. Àkọ́kọ́ fọ́ sínú epo, torí kò jẹ́ kó tutù tán. Ó da ata rodo àti àlùbọ́sà sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ́ ẹ sórí tíréè, ó gbé e sínú fíríìjì, ó sì jókòó tì í. Ìyẹn dúró. A ti jẹ ẹ́ tán kí ẹ̀kọ tó jiná.