Ọmọ mi ń ta fíìmù lórí fóònù: ṣé mo lè yẹ fóònù rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, Àfáà wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló ń fi Xender àti Telegram kó fíìmù fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. 100 náírà ló ń gbà lórí ọ̀kan. Mo ní ṣé olè kọ́ nìyẹn, ó ní dátà òun lòun ń tà, òun ò jí nǹkan kan. Ní báyìí ó ti ti fóònù ọ̀hún pa; bí mo bá ti sún mọ́ ọn, á dà á délẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun á fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró kó sùn, kí n fi ìka rẹ̀ ṣí i. Kí ni ẹ̀sìn wí? Ìyá kan ni, láti Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ méjì lẹ kó wá, àmọ́ ìyọ̀ǹda ni ìdí méjèèjì. Ọmọ yín mú ohun olóhun láìgbàyè, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà wọlé rẹ̀ láìgbàyè.

Xender fúnra rẹ̀ kì í ṣe haraamu. Bí àwo ni: ẹ lè fi bu àmàlà, ẹlòmíràn lè fi bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó ni fáìlì là ń bi. Ní 1988, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ fikihi, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Isilaamu, pàdé ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ dúkìá tí ṣẹ̀ríà ń ṣọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọlọ́hun ti sọ ṣáájú wọn nínú Suuratu Nisaai, aaya 29, pé ká má fi èrú jẹ owó ara wa, àfi òwò tí a jọ yọ̀ǹda sí.

Ti dátà tó ń wí yẹn, ọgbọ́n ọmọdé ni. Ẹni tó ru ewúrẹ́ tí wọ́n jí dé ọjà, tó ní owó aláàárù lòun gbà, ṣé kò gbọ́ igbe ẹran léjìká ni? Mo ti rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé kámẹ́rà pamọ́ wọ sinimá. Ẹ óò máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó jókòó, orí ẹnì kan á sì gba iwájú kọjá, ó ń lọ tọ̀. Ẹni tó bá wo ìyẹn ò lè ní òun ò mọ̀. Àwọn onímọ̀ kan fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó da ìwé kọ fún ara rẹ̀ nítorí kò rówó rà á, àmọ́ àwọn náà ò gbà kó tà á.

Ohun tó lè pín sì pọ̀. LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà àti Firefox tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ṣe wọ́n ló ní ká máa pín wọn. Wáàsí tèmi, mo ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn tó ń tà á lórí mẹ́mórì káàdì ní gáréèjì, mo ti foríjì wọ́n. Kí wọ́n ṣáà yé gé e níbi tí àlàyé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju fíìmù lọ. Ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti pín ohun olóhun, àwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ò ní ṣòroó pín. Ní 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí Instagram, ó rò pé ọmọbìnrin ni. Ọmọ ilẹ̀ wa méjì ni, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, láti Èkó. Wọ́n ní kó sanwó, tàbí káwọn fi han ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní 2024, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n ọdún 17 àbọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Meta pa àkáǹtì Instagram bíi 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà nítorí irú ìhàlẹ̀ báyìí. Ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. A ń ṣọ́ ọmọ wa kí wọ́n má baà ṣe é níkà, a sì ń ṣọ́ ọ kó má di ìkà.

Wàyí o, ìka ọmọ tó sùn. Ẹ má dán an wò. Nínú Suuratu Hujuraati, aaya 12, Ọlọ́hun ní ká má máa tọpinpin ara wa. Ọkùnrin kan yọjú wo Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) láti ojú ihò, nígbà tí irin ìyarun wà lọ́wọ́ Ànọ́bì. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé ó ń wo òun ni, òun ì bá fi gún un lójú. Nítorí ojú ni wọ́n ṣe ní kéèyàn máa gbàyè. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Nínú Muwata, ìwé hadiisi Imaamu Maalik, ẹnì kan bi Ànọ́bì bóyá òun á gbàyè kóun tó wọlé tọ ìyá òun, nígbà tó jẹ́ ilé kan náà làwọn ń gbé. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ bá a níhòòhò ni?" Bí ọmọ bá ń kanlẹ̀kùn ìyá, ọmọ tó ti bàlágà náà nílẹ̀kùn tirẹ̀.

Àmọ́ ilẹ̀kùn kì í ṣe odi. Ànọ́bì náà ló ní olùṣọ́ ni gbogbo wa, wọn ó sì bi kálukú nípa ohun tó ń ṣọ́. Ẹ lè bá a ṣe májẹ̀mú: fóònù ò gbọdọ̀ bá a sùn, ẹ ó sì máa jọ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá fi àdéhùn sí. Bí ewu bá hàn sójú, bí àjèjì tó ń pè é lóru, tàbí ọmọ tí kò jẹun mọ́ tí jìnnìjìnnì ń bá, ẹ wò ó lọ́jọ́ náà, lójú rẹ̀. Ìfura lásán ò tó.

Ẹ gba òòlù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Tó bá fọ́ ọ, ọmọ á máa yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò níbi tójú yín ò tó. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó tì í, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kó pa àwọn fíìmù náà rẹ́. Kó ṣírò owó tó ti gbà. Níwọ̀n bí a ò ti rí àwọn tó ni fíìmù, kó fi ṣe sàráà lórúkọ wọn, kó má retí láádá níbẹ̀. Bó bá ti ná an, kó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má bá a san án. Bó bá sì ṣì fẹ́ta dátà, àwọn ìyá àgbà tó ń wá ẹni tó máa bá wọn gba wáàsí sórí fóònù pọ̀ ní mọ́sálásí yín. Wáàsí tí aláàfáà ti yọ̀ǹda, kó gba 100 náírà rẹ̀ lórí ọ̀kan. Halaali ni.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.