Ẹ̀yin Ń Béèrè: Kí ló kan Òṣogbo nínú ọ̀rọ̀ ẹja Ẹ̀pẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà n'Ìgbọ̀nà, Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń rà á. Oníbàárà mi ní wọ́n ní káwọn má fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ pẹja mọ́, káwọn má gé igi etí ọ̀sà fi yan ẹja. Ṣé wọn ò kàn fẹ́ febi pa tálákà ni? Kí ló tiẹ̀ kan àwa ará Òṣogbo níbẹ̀?
Ìyá Ẹlẹ́ja

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ó kàn wá o. Omi Ọ̀ṣun tó ń kọjá nínú igbó wa yẹn, ọ̀sà Lẹ́kí lápá Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ já sí, gbogbo náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tá a bá jù sí gọ́tà, tójò bá ti gbé e, ọ̀nà ibẹ̀ náà ló forí lé. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà wá sọ omi ọ̀hún di bíi tíì onímílíìkì, ẹ bu díẹ̀ sí ife kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ máa rí amọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022 ìjọba kìlọ̀ pé ká má mu ún (àwọn kan ṣì ń bù ú sí kẹ́ẹ̀gì o).

Àwọ̀n yẹn, ọmọ ẹja tí ò tíì yé ẹyin rí ló ń kó, kí ni wọ́n wá fẹ́ kó lọ́dún tó ń bọ̀? Àárín gbòǹgbò igi etí omi náà lọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Àmọ́ oníbàárà yín ò jẹ̀bi, tẹ́ ẹ bá gba igi lọ́wọ́ ẹ̀ kí ló fẹ́ fi yan ẹja? Ká pè wọ́n jókòó ká tó ṣòfin. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun, kò sẹ́ni tó ń pẹja níbẹ̀, èèwọ̀ tiwa ni, kò dúró de ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ Àtẹ́wọ́gbẹja là ń ki ọba wa.

Ẹ̀yin náà ẹ máa kọ ẹja tí ò ju ìka lọ fún oníbàárà yín, mi ò sọ edé o. Tí ò bá ti rẹ́ni rà á, á wá àwọ̀n mìíràn.